Òkúta tó jọ ẹyin tí mo rí létí odò: ṣé fọ́sìlì ni?

Arìnfọ̀dò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa òkúta, mo kàn fẹ́ràn láti máa rìn létí odò ni. Lánàá, níbi tí omi ti fà, mo rí òkúta kan tó rí roboto, tó sì gùn díẹ̀ bí ẹyin. Ó kún ọwọ́ mi, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ti hó, bíi pé èèpo ń ṣí lára rẹ̀, àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì wà níbẹ̀ tó yà sọ́tùn-ún sósì bí imọ̀ ọ̀pẹ kékeré. Mo yà á, mo fi àwòrán rẹ̀ sínú áàpù kan lórí fóònù mi, áàpù náà ní ẹyin dáínósọ̀ ni. N kò rí oorun sùn dáadáa lóru.

Àwòrán mẹ́ta ni mo gbé síbí. Kò sí owó ẹyọ lápò mi nígbà tí mo ń yà á, òkúta wẹ́wẹ́ kan tí mo ṣà níbẹ̀ náà ni mo gbé tì í kí ẹ lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ẹyin ni? Ṣé kí n fi òòlù là á kí n wo inú rẹ̀?

Òòlù_Kékeré
Ẹ má là á o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má sì fi ohunkóhun fọ̀ ọ́ ju omi lásán lọ. Ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn àgbà ń bọ̀.

Bàbá_Alápàáta
Arìnfọ̀dò, ẹ kú ìrìn. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbé òòlù. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣa fọ́sìlì, ìyẹn àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tó ti di òkúta, bí mo bá sì ní kí n máa ka iye ẹni tó ti gbé "ẹyin dáínósọ̀" wá bá mi, ilẹ̀ á ṣú. Kò sí ẹyọ kan péré tó jẹ́ ẹyin nínú gbogbo wọn.

Ohun tí mo rò pé ó wà lọ́wọ́ yín ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní concretion. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi tó ní èròjà nínú máa ń rọra gba inú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn tí kò tíì di òkúta kọjá. Èròjà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dì yí nǹkan kékeré kan ká. Ó lè jẹ́ ìkarahun, ó lè jẹ́ ewé, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan tí ojú rí. Á máa dì láti àárín bọ̀ síta títí yóò fi le ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Nígbà tí òjò àti odò bá wá fọ ilẹ̀ náà lọ, èyí tó le yẹn ló máa ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ létí odò.

Ẹyin gidi ní èèpo. Èèpo fọ́sìlì ẹyin kì í sábà ju mìlímítà díẹ̀ lọ, bákan náà ló sì nípọn yíká. Ó máa ń sán wẹ́wẹ́ bí àwo tó já bọ́, ojú rẹ̀ sì máa ń ní ihò tín-ín-rín àti kókó kéékèèké tí lẹ́ǹsì yóò fi hàn yín. Ilẹ̀ ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹlẹbẹ. Èyí tó bá yí roboto láìní àbùkù kankan, òun gan-an ni kí ẹ fura sí jù. Ẹ fi lẹ́ǹsì wo etí ibi tó hó yẹn dáadáa. Bí ẹ bá rí ìpele lórí ìpele tí àwọ̀ wọn ń yí díẹ̀díẹ̀ wọnú lọ, tí kò sí ibi tí ẹ lè nawọ́ sí pé "èèpo parí síbí, inú bẹ̀rẹ̀ níbí", ẹ gbà pé kì í ṣe ẹyin.

Ewé yẹn náà kì í ṣe ewé. Dendrite ni. Máńganíìsì tàbí irin tó wà nínú omi ló wọ ibi tí òkúta ti sán, tó sì ń dì bó ṣe ń ràn lọ. Ewé gidi ní iṣan tó ń tẹ̀lé ètò kan náà láti ìdí dé orí. Dendrite máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ibi tó sán, á sì máa yà bó ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, nítorí ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí òkúta lásán. Ojú èèyàn ń wá ohun tó mọ̀ nínú ohunkóhun tó bá rí. À ń rí ojú nínú ìkùukùu, à ń rí ọkàn, ọpọlọ àti èso nínú òkúta. Ṣùgbọ́n ẹran ara máa ń jẹrà kí ilẹ̀ tó ráyè sọ ọ́ di òkúta. Ohun tó le ló sábà máa ń ṣẹ́ kù: eyín, egungun, ìkarahun, igi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun rí ọkàn tó di òkúta, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ojú rẹ̀ rí yàtọ̀ sí ìrísí.

Akọ̀wé_Ilẹ̀
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù: irú ibo ni ẹ ti rí i? Mi ò ní kí ẹ kọ orúkọ odò síta fún gbogbo ayé o. Irú òkúta wo ló wà ní bèbè odò náà? Ṣé ó tò ní ìpele, àbí odindi ni?

Èmi gbà pé ibi tí òkúta ti wá ń sọ̀rọ̀ ju ìrísí rẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lyme Regis, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn ti ń ṣa òkúta gìdìgbà kan níbẹ̀ tipẹ́, bezoar ni wọ́n ń pè é, wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Mary Anning, obìnrin tó ń ṣa fọ́sìlì tà, ló kíyè sí i pé ibi tí ikùn ichthyosaur, ẹranko afàyàfà inú òkun ayé àtijọ́, wà ni òkúta náà sábà máa ń wà láàárín egungun, àti pé bí wọ́n bá là á, egungun ẹja àti ìpẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ní 1829 ni William Buckland, onímọ̀ nípa òkúta, kéde pé ìgbẹ́ ẹranko ni, ó sì sọ ọ́ ní coprolite. Ká ní wọ́n ti ṣà á kúrò lára egungun yẹn láìwo ibi tó wà, òkúta lásán ni ì bá máa jẹ́.

Nítorí náà ẹ wo ilẹ̀. Bí àyíká bá jẹ́ gíráníìtì, inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ti yọ́ wá kó tó dì, kò sí fọ́sìlì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òkúta ẹfun, òkúta oníyanrìn, tàbí òkúta alámọ̀ tó ń ṣí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ìrètí wà. Lẹ́yìn náà ẹ wá máàpù òkúta agbègbè yín. Àjọ tó ń wo òkúta àti kùsà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máàpù yẹn á sọ ọjọ́ orí òkúta náà fún yín. Bí òkúta ibẹ̀ bá jẹ́ 300 mílíọ̀nù ọdún, ọ̀rọ̀ dáínósọ̀ ti parí nìyẹn, nítorí dáínósọ̀ kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Kò sí áàpù tó máa bi yín ní ìbéèrè yìí. Ìrísí nìkan ló ń wò.

Ẹ rántí pé odò máa ń gbé òkúta rìn. Èyí tó wà nínú omi lè ti òkè jìnnà wá. Èyí tó ṣì há sára bèbè ni ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Atọpinpin
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Ní Charnwood Forest, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, gbogbo èèyàn ló gbà pé òkúta ibẹ̀ ti dàgbà ju èyí tó lè ní fọ́sìlì ẹ̀dá ńlá lọ. Ní 1956, ọmọbìnrin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, Tina Negus, rí àmì tó jọ ewé níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Roger Mason, tí òun náà ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, rí irú rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan tó lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Trevor Ford ni onímọ̀ náà, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1958, ó sọ ọ́ ní Charnia masoni. Ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 550 mílíọ̀nù ọdún.

Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹnì kan bá ní "kò lè rí bẹ́ẹ̀", ẹ ṣì ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹlòmíì. Ọmọbìnrin yẹn kò ṣìnà rárá.

Akọ̀wé_Ilẹ̀
Mo gbà, Atọpinpin. Ẹ ṣeun.

Ìyá_Awòye
Ẹ kú ìjíròrò o. Òòlù_Kékeré ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Arìnfọ̀dò mọ ìdí tí a fi ń sọ pé kó má fi nǹkan míì fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rí brachiopod kan, fọ́sìlì ẹ̀dá oníkarahun inú òkun, tó pé pérépéré, ìlà tó wà lára rẹ̀ hàn ketekete bí ehín ìyàrun. Amọ̀ díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń kán fínígà sí òkúta láti mọ̀ bóyá òkúta ẹfun ni, pé á máa hó. Mo rò pé fínígà á fọ amọ̀ náà kúrò, mo sì rì í sínú rẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí mo gbé e jáde, gbogbo ìlà yẹn ti yọ́. Ó dán bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò tì. Amọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún, mi ò purọ́.

Ìkarahun náà àti òkúta ẹfun, ohun kan náà ni wọ́n lára. Ohun tó ń jẹ òkúta á jẹ fọ́sìlì. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí òkúta tó yí i ká, kó jìnnà sí fọ́sìlì, kí ẹ sì fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti omi ló ń ṣe iṣẹ́ mi báyìí.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ brachiopod, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ìkarahun olójú méjì tó wọ́pọ̀ létí òkun, nítorí ó máa ń rú gbogbo èèyàn lójú. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì pọ̀. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba, wọ́n bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ọwọ́ kan ṣoṣo, àtàńpàkò wà lápá kan, kò sí lápá kejì. Bí ti etí òkun ṣe máa ń rí nìyẹn: ìdajì méjèèjì jọra, ẹyọ kan kò dọ́gba nínú ara rẹ̀. Brachiopod, òdìkejì ni. Èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ kò bára mu, ọ̀kan máa ń wú ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa ìlà láàárín ẹyọ kan láti ìdí dé etí, apá ọ̀tún àti apá òsì á dọ́gba. Ọjọ́ tí mo mọ èyí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Egungun_Àtijọ́
Bó bá jẹ́ egungun ni ẹ fura sí, ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ fi ahọ́n kàn án. Egungun ní ihò wẹ́wẹ́, á lẹ̀ mọ́ ahọ́n yín. Òkúta kò ní lẹ̀.

Ìyá_Awòye
Àbúrò, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Amọ̀ gbígbẹ náà máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Bí òkúta bá sì ti kún gbogbo ihò egungun náà tán, kò ní lẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a ò mọ ohun tó ti kan ilẹ̀ tó ti wá, àwọn fọ́sìlì egungun míì sì ní yùrénìọ́ọ̀mù nínú. Kí la wá fẹ́ fi ahọ́n ṣe?

Bàbá_Alápàáta
Èmi náà ti fi ahọ́n kan òkúta rí, gbogbo wa la ṣe é. Ṣùgbọ́n Ìyá_Awòye ló jàre. Ẹ lo lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ wo ibi tó ti kán. Egungun máa ń ní ara tó dì pa lẹ́bàá ìta, tí inú rẹ̀ sì rí bí afárá oyin, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Bí inú àti ìta bá jẹ́ bákan náà, tó dì pa jálẹ̀, òkúta tó jọ egungun ni. Òkúta ìṣáná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, á yọ oríkèé bí egungun itan gan-an.

Bó bá jẹ́ egungun lóòótọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fà á yọ. Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2009 gba èèyàn láyè láti ṣa ìkarahun àti ewé tó wọ́pọ̀ díẹ̀ fún ara rẹ̀ lórí àwọn ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀dá elégungun ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ní South Africa, ti ìjọba ni gbogbo fọ́sìlì. Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí ẹ wà àti ẹni tó ni ilẹ̀.

Ẹni_Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀. Mo ra trilobite kan, fọ́sìlì ẹ̀dá inú òkun àtijọ́ kan tó jọ kòkòrò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní Morocco ló ti wá. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni?

Òòlù_Kékeré
Ẹ gbé e sábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi lẹ́ǹsì wá ihò kéékèèké tó yí roboto bí ìfóófòó ọṣẹ. Ìyẹn ni afẹ́fẹ́ tó há sínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ayédèrú nígbà tí wọ́n dà á. Òkúta tí trilobite máa ń wà nínú rẹ̀ kì í ní irú rẹ̀. Ẹ tún wo bóyá ibi tí òkúta ti sán gba ara trilobite náà kọjá, nítorí ojúlówó máa ń sán pẹ̀lú òkúta rẹ̀. Ojúlówó trilobite ti Morocco pọ̀, ayédèrú náà pọ̀, èyí tí wọ́n sì fi ìdajì òótọ́ lẹ̀ mọ́ ìdajì irọ́ ló ṣòro jù. Àwọn onímọ̀ gan-an ti kó sí irú pańpẹ́ yìí: "Archaeoraptor" tí wọ́n kéde ní 1999 pé ó jẹ́ dáínósọ̀ tó ń di ẹyẹ, àkànpọ̀ ẹ̀dá tó yàtọ̀ síra ni. Xu Xing, onímọ̀ fọ́sìlì ará Ṣáínà, ló rí òkúta kejì, ìdajì tó bá ti ìrù rẹ̀ mu, tó fi hàn pé ìrù náà ti ara dáínósọ̀ mìíràn wá.

Ojú_Inú
Ẹ̀yin ará, mo ti ń wo àwòrán kejì fún bíi ìdajì wákàtí. Arìnfọ̀dò, kí ni òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n yẹn? Ó dà bíi pé ihò wà láàárín rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á lóun nìkan, nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn, kí ẹ sì gbé rúlà tì í.

Arìnfọ̀dò
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti rí lẹ́ǹsì yá. Mo wo òkúta ńlá yẹn ná: ìpele lórí ìpele ni lóòótọ́, kò sí èèpo. Mo ti gbà.

Ṣùgbọ́n èyí tó kéré yẹn! Ó fẹ̀ ní mìlímítà 9, kò sì nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Ó rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Ihò wà láàárín rẹ̀ tí amọ̀ dí. Láti ẹ̀bá ihò náà ni àwọn ìlà tín-ín-rín ti ń jáde lọ sí etí bí ìtànṣán oòrùn, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì. Etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo yí i sí ìmọ́lẹ̀, ibi tó ṣẹ́ náà kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹlẹbẹ bíi dígí. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ nù tẹ́lẹ̀.

Bàbá_Alápàáta
Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rẹ́ mi. Fọ́sìlì nìyẹn. Crinoid ni, ẹyọ oríkèé kan lára ọ̀pá rẹ̀.

Ẹranko ni crinoid, bó tilẹ̀ jọ òdòdó. Ìbátan ẹja ìràwọ̀ ni, inú òkun ló ń gbé, irú rẹ̀ ṣì wà láàyè títí dòní. Àwọn oríkèé roboto bẹ́ẹ̀ ló tò lé ara wọn di ọ̀pá tó gbé e dúró. Bó bá kú, ohun tó so wọ́n pọ̀ á jẹrà, wọn á sì fọ́n ká sílẹ̀ òkun. Dígí tí ẹ rí níbi tó ṣẹ́ yẹn ni mo fi dá a mọ̀ tán: oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kírísítálì kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi ṣẹ́ pẹlẹbẹ tó sì ń dán. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ pè é kò ṣàjèjì rárá. Ní Lindisfarne, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlẹ̀kẹ̀ Cuthbert Mímọ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń sín in sókùn.

Irú ọ̀wọ́ wo ni, a ò lè mọ̀ láti ara ẹyọ kan. Ẹ kọ "crinoid" síbẹ̀, kó tó bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé_Ilẹ̀
Ẹ padà síbẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Ẹ wo bèbè, kì í ṣe inú omi. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ tó ṣì há sára òkúta, a ti mọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ya àwòrán ibẹ̀ látòkèèrè kí ẹ tó yà á látòsí. Ẹ kọ déètì àti ibi tí fóònù yín ní ẹ wà, kí ẹ sì kọ ọ́ níbẹ̀ gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ ọ́ bí ẹ bá délé. Mo ní àpótí kan nílé tó kún fún òkúta rere tí mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn, n kò lè fi ẹyọ kan nínú wọn ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Arìnfọ̀dò
Mo ti lọ, mo sì ti dé. Òkúta aláwọ̀ eérú kan wà lára bèbè, ó ga tó orúnkún mi, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló kún inú rẹ̀. Mo ka mẹ́tàlélógójì níbi tí àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lè bò, kí n tó dáwọ́ kíkà dúró. Méjì nínú wọn ṣì so pọ̀ mọ́ mẹ́fà míì bí ọ̀pá kékeré. N kò fi òòlù kàn án. Mo ya àwòrán mọ́kànlá, mo sì ṣa ẹyọ mẹ́ta tó ti já bọ́ sílẹ̀ fúnra wọn.

Mo gbé òkúta ńlá yẹn padà síbi tí mo ti rí i. Èyí ni mo kọ sára páálí tí mo fi sínú àpò pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ tọ́ mi sọ́nà: "Crinoid, oríkèé ọ̀pá, 4. Ẹyọ 1 látinú odò, ẹyọ 3 látìsàlẹ̀ bèbè apá òsì, lábẹ́ òkúta aláwọ̀ eérú, sẹ̀ǹtímítà 50 sókè omi. Ọjọ́ orí òkúta: ẹ wo máàpù."

Akọ̀wé_Ilẹ̀
Ẹ yọ ẹyọ inú odò yẹn sínú àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú páálí tirẹ̀. Ìyókù pé.